Ọ̀gá Tó Ní Ewú

Ìyá mi,

Ṣé ara yín le? Òtútù Kánádà ò ṣe mí ní nǹkan kan, mo sì ń jẹun.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo fi fọ́tò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta hàn yín ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Agbowó, pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò kọ́ mi ní kẹ́mísírì àwọn irin. Ẹ ní, "Akínbíyì, mú èyí tó ní ewú. Àgbà á ṣe ọ́ bí ọmọ." Ọ̀gá tó ní ewú náà ni mo mú. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n kú.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyàwó wọn. Màmá náà rò pé mo ṣubú ni, wọ́n sáré gbé mi dìde.

Ilé ẹ̀kọ́ ní kí n wá ọ̀gá mìíràn kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa bọ̀ nílé. Mo ti kọ̀wé sí àwọn méjì yòókù. Ọ̀kan ní òun ò láyè mọ́, èkejì ò tíì dáhùn. Ẹ má dààmú.

Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Èmi náà rí ewú yẹn, mo rántí Bàbá wa tó lọ.

Àdúrà ẹ̀mí gígùn tí ẹ ń gbà fún ọ̀gá mi láràárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbà á fún ìyàwó wọn.

Ẹ bá mi kí Ọmọ́fẹ́ àbúrò mi.

Akínbíyì yín