Àwọn Òkúta Orí Òrùlé Yín

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo máa ń bá di àkàbà mú,

Ẹ̀rù ń bà mí. N kò mọ ibòmíì tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àyìlá ọ̀sán ni, àmọ́ ojú ọ̀run ti tún ṣú níhà ìlà-oòrùn, ṣọ́ọ̀bù mi sì ṣókùnkùn débi pé n kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ti sún ẹ̀rọ ìránṣọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fa ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ jáde. Ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí. Ta ni ǹ bá tún sọ ọ́ fún?

Màmá ṣì wà nínú tákàbá. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó wọn pé, wọn ò sì ní jáde nílé, ìjì ì báà jà. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Àlùfáà pàápàá bá mi bẹ̀ wọ́n, ó ní Ọlọ́hun kì í bínú sí ẹni tó bá sá fún ewu. Màmá ní ilé tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn kò lè pa àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń dá mi níjì, nítorí ilé náà kò rí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí fídáù ọjọ́ kẹjọ yín ku ọ̀la, tí àwọn ẹbí wa ń bọ̀ láti Àbíjàn, mo gbójú sókè, mo rí àwọn òkúta tí ẹ fi wáyà so mọ́ orí páànù. Búlọ́ọ̀kù tó ti kán, ọlọ tó ti fọ́, òkúta dúdú, gbogbo rẹ̀ wà káàkiri bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sóòrùn. Ojú tì mí. Mo rò pé àwọn ará Àbíjàn tí ń pe páànù ní tóólù yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí àwọn tó wá pa àtíbàbà já wáyà náà, kí wọ́n kó òkúta sílẹ̀. Wọ́n fọ́ èyí tó dán jù nínú wọn, wọ́n fi ẹ̀là rẹ̀ há ẹsẹ̀ àtíbàbà. Àwọn àlejò yin òrùlé wa, orí mi sì wú. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ohun tí òkúta wọ̀nyẹn wà fún rí, Bàbá? Àbí ẹ sọ ọ́, n kò gbọ́?

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Eruku pupa ló ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni páànù tí òkúta ò tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ lórí wa, ìṣó ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń tú. Màmá ń ka Yásínì. Èmi ọmọ yín, àgbàlagbà tó ti ní ìyàwó, mo di ẹsẹ̀ wọn mú lábẹ́ tábìlì, mo ń ké. Páànù méjì lọ lórí pálọ̀, òjò sì wọlé bá wa. Ẹ ti máa ń fi mí ṣeré pé ibi tó ga jù tí ọwọ́ télọ̀ ń dé ni ọrùn oníbàárà. Òótọ́ ni. Kódà nígbà tí mo bá ń di àkàbà mú fún yín, ṣe ni mo máa ń dijú.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, káfíńtà bá wa kan páànù padà. Mo ní èmi fúnra mi ni n ó dá àwọn òkúta náà padà, káfíńtà sì di àkàbà mú fún mi. Màmá jókòó sínú àgbàlá, wọ́n ń nàka. Wọ́n ní, “Gbé ọlọ yẹn sápá òsì. Ìlú Ara ni bàbá ẹ ti gbé e bọ̀. Ìjì ṣí ilé obìnrin kan níjọ́ ìsọmọlórúkọ, ògiri sì wó lé ọlọ ẹ̀. Òkúta dúdú yẹn ńkọ́? Ti ìlú Ìsundúnrìn ni, ìjì tó wó àká àgbàdo.” Mo wá bi wọ́n léèrè búlọ́ọ̀kù tó kán. Wọ́n kọjú sí yàrá wọn. “Ìyẹn ló ṣáájú gbogbo wọn. Ọdún tí mo bí ẹ. Yàrá mi yìí ni ìjì ṣí, inú omi ni mo ti fún ẹ lọ́mú.”

Èmi tí mo rò pé ẹ kàn ń kó pàǹtí jọ ni! Gbogbo ibi tí ẹ ti lọ tún òrùlé kàn lẹ́yìn ìjì, ẹ gbé òkúta kan bọ̀ níbẹ̀. Ìtàn gbogbo ìjì ilẹ̀ yìí wà lórí wa, a ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Àyè kan ṣófo, òkè ibùsùn Màmá gan-an. Mo béèrè ti ìjì wo ló wà níbẹ̀.

“Ti èyí tí ò tíì dé ni,” Màmá wí. “Òkúta tí bàbá ẹ fi ń pọ́n irinṣẹ́ wọn ni. Nígbà tí ọwọ́ wọn ò ká iṣẹ́ mọ́, wọ́n gbé e síbẹ̀.”

Èyí tó dán jù nìyẹn, Bàbá. Òun ni mo jẹ́ kí wọ́n fọ́.

Atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí, aṣọ oníbàárà ń fò kiri. Mo ti tú orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Irin gidi ni, ó wúwo ju òkúta yín lọ. Mo ti mú wáyà dání. Bí mo bá ti ká ìwé yìí tán, orí òrùlé, lókè ibùsùn Màmá, ni mò ń gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi di àkàbà mú.

Èmi ni,
ọmọ yín, ojo tó fẹ́ràn yín.