Ọmọ Mi Tó Ń Kọ́ Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹni Tórí Ẹ̀ Ò Gbàwé

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo ni ìwé, báwo ni oorun tí o kì í rí sùn? Mo mọ̀ pé àlàáfíà lo wà, nítorí Ọlọ́run tí mo ń bá sọ̀rọ̀ rẹ láràárọ̀ kì í ṣe adití. Kò ní rẹ̀ ọ́. Ojú rẹ ò ní fọ́ nídìí ìwé. Àwa náà wà dáadáa, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ti ẹ̀rọ, mo da epo sí i, ti orúnkún ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ń da epo sí.

Ọ̀rọ̀ oyè kejì tí o tún ń kọ́ yìí ṣì ń ṣe mí ní kàyéfì. Oyè àkọ́kọ́ tí o gbà, tí a ya fọ́tò ẹ̀ kọ́ sára ògiri, ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ìyá tó ń ta òògùn lójúde wa sọ pé òògùn máa ń ní ọjọ́ tí agbára ẹ̀ ń tán. Mo bi í bóyá oyè náà rí bẹ́ẹ̀, ló bá rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé òògùn ikọ́ fún ẹni tí inú ń run. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé oyè másítà lo ń kọ́, lórí àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń le fún. Wọ́n ní ṣé ìwé ń le fún ìwọ náà ni. Mo ní rárá o. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ìwé ò le fún rí ṣe máa mọ ibi tó ti ń le? Jọ̀wọ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ ńkọ́? O ní ó tún ti dá a padà, tó fi íńkì pupa fà á látòkè délẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa ní sùúrù fún ọmọ ọlọ́mọ, òun fúnra ẹ̀ ò ní sùúrù fún yín. Bá mi kí i, má sọ pé mo wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé wá kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ káfíńtà ní tí sáà yìí bá ti parí, ọmọ òun ò ní padà síléèwé mọ́. Òkòtó wa náà ni, èyí tí kì í lè jókòó sójú kan. Tíṣà ẹ̀ ní orí ẹ̀ ò gbàwé, ó ní tó bá fẹ́ kọ b, d ló máa ń kọ, tí wọ́n bá ní kó kàwé, á máa wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti bá onídìrí sọ̀rọ̀ kó gbà á sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní iṣẹ́ irun ò dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí bi mí pé kí ló dé tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fi ní ihò nítòsí ẹnu, tí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ní tiẹ̀ nídìí. Èmi tí mo ti ń ránṣọ kí n tó bí yín, mi ò ronú kàn án rí. Ṣé orí tí ò gba nǹkan nìyẹn?

Ni mo bá rántí fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, tí o da iyanrìn sínú tíréè, tí ò ń fìka kọ lẹ́tà, tí o sì ń pè é bí o ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní àbí wọ́n ti ta gbogbo tábìlì iléèwé ńlá yẹn ni. Iyanrìn ìta wa dọ̀tí, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú pákó ni mo lọ gbá lábẹ́ ayùn ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo dà á sí tíréè, mo gbé fóònù ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo pe Òkòtó, mo sì tẹ̀ ọ́ kí o wá.

O ṣé tí o wá. Àmọ́ tí o bá dé ilé, máa kí èèyàn. Mo kí ọ, ọmọ kí ọ, o ò jẹ́ wa lóhùn, o kàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n wà nítòsí. Òkòtó kọ b, o ní ó dáa, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì o tún wá, aṣọ àná ló wà lọ́rùn rẹ, o tún ní kó tún un ṣe. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo lò ń wá, kò sì tẹ́ ọ lọ́rùn rí. Inú bí mi, mo bi ọ́ pé kí lo tún ń fẹ́ lára ọmọ ọlọ́mọ. O ní kó tún un ṣe. Òkòtó ní kí n fi àǹtí òun sílẹ̀, pé tíṣà àwọn máa ń pariwo tó bá ti di ẹ̀ẹ̀kejì, àǹtí òun ò pariwo rí.

Sáà parí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ sì wá láti mú un lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Ó bá wa nídìí tíréè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òkòtó kọ bàbá, b méjèèjì kọjú síbi tó yẹ, ó kà á, ó wá gbójú sókè wo bàbá ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ yíjú padà, ó lọ. Mo rò pé ó bínú ni. Ìwọ náà mọ ẹ̀gbọ́n rẹ: tí wọ́n bá fún un níwèé kó kà, á ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé, bẹ́ẹ̀ kò ní awò kankan.

Àfi bó ṣe dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àpótí pẹrẹsẹ bíi tíréè, tó kàn fúnra ẹ̀, tó fá gbogbo etí ẹ̀ kó má baà gún ọmọ lọ́wọ́. Ó ní Òkòtó ń padà síléèwé, òun ti lọ bẹ onídìrí. Mo jó, orúnkún tàbí kò sí orúnkún. Mo ní àpótí yìí mà fẹ̀ jù fún ọwọ́ ọmọdé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ ẹ.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà, kí ọ̀nà má baà dí mọ́ ọ, kí n sì fi èyí tó kù ra aṣọ, kí n rán òmíràn fún ọ. Ọlọ́run á fi ìwé náà ṣe ọ́ lóore. Ẹni tó gbọ́n jù ọ́ lọ ò ní rí ọ fín, ẹni tó nílò rẹ ò ní wá ọ tì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n bi ọ́, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ mọ̀, bóyá ẹ̀kọ́ yín ń gba ẹni tó ti ní irùngbọ̀n. Tí o bá máa fèsì, kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, má lo ọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní kí n má ka èsì náà fún òun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ aránṣọ.