Àbúrò Mi Lórí Bẹ́ńṣì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

A tún fìdí rẹmi ní Àbámẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta léraléra. Ọ̀gá pè wá jọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó kéré bí àpótí — èmi tí mo jẹ́ igbákejì rẹ̀, àti Bàbá Onírin tó ń fi irin gbígbé kọ́ àwọn ọmọ lágbára. Ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì wa yìí, ta ló yẹ kó máa darí bọ́ọ̀lù? Ká lọ rò ó. Ọjọ́bọ̀ la ó sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìṣẹ́jú. Nínú ogójì ìṣẹ́jú, Kòdúró gba mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Jẹ́jẹ́, ọmọ tuntun tó dé lọ́dún yìí, gba mẹ́fà.

Kòdúró ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan ni — láti ìgbà tó ti ń rákò ni kò ti dúró síbì kan. Yàrá méjì là ń gbé pọ̀. Mo wọlé, ó ti sùn sórí àga tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Mo bá a bọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo tún wo fídíò eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdáhùn kan náà. Ì bá wù mí kó yí padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀: àbúrò mi ló ń kó èrò wá sí pápá wa, bó bá ju bọ́ọ̀lù wọlé gbogbo ilé á mì tìtì. Bàbá Onírin ní ká má yí nǹkan kan padà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n wá wojú mi.

Mo sọ ọ́. Pé kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó Kòdúró nínú wọn, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dọ́wọ́ rẹ̀, ó di ogún bàbá rẹ̀ nìyẹn, kò ní í yọ̀ǹda rẹ̀ fẹ́nì kankan. Àwọn mẹ́rin yòókù á kàn máa sáré kiri bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ bá wọlé, bọ́ọ̀lù á kárí. Kí Jẹ́jẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ eré. Kí Kòdúró máa wọlé láti orí bẹ́ńṣì, nígbà tó bá ti rẹ àwọn tí à ń bá gbá.

Ọ̀gá ní, "Àbúrò ẹ lò ń sọ yìí o."

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

Ó ní, "Ó dáa. Ṣé ìwọ lo máa sọ fún un, àbí èmi?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lọ̀gá, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò títí di ìsinsìnyí. Kì í ṣe ti ìṣẹ́jú. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀gá sọ fún un lẹ́yìn ìdánrawò. Kòdúró wọlé, ó ju báàgì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí nǹkan tí bàbá yìí fojú mi rí? Èmi! Kí n jókòó! Mo ní ó máa dáa. Ó ní kí n bá òun bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀, pé ó máa ń gbọ́ tèmi. Mo ní màá gbìyànjú.

Ó dáná. Ó bu tèmi sínú abọ́ ńlá, ó fi ẹran tó tóbi jù sí i.

Mo jẹ ẹ́. Ọlọ́run mi, mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A borí. Àmì mọ́kànlá la fi jù wọ́n lọ. Jẹ́jẹ́: ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n. Kòdúró: méjìlá.

Orin nínú bọ́ọ̀sì, ariwo, àtẹ́wọ́. Ọ̀gá gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́ — o mà ríran o. Mo forí ti fèrèsé. Kòdúró jókòó níwájú, ó fi aṣọ borí. Ẹni tí mo máa ń bá yọ̀ bí a bá borí, òun ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá pè. Ta ló gbé ọmọ òun jókòó bí ẹrù tí kò lólúwa? Ìwọ ńkọ́, o wà níbẹ̀, ò ń wò? Mo ní, Màmá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ó ní bọ́ọ̀lù kọ́ ló bí yín. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà ti tán.

Mi ò sọ fún òun náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kòdúró ti gbọ́.

Bàbá Onírin ló tú u síta. Kò ní in nínú láti ṣèkà, ó fẹ́ gba ọmọ níyànjú ni: fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an ló dá àbá yẹn, ẹ̀gbọ́n ò sì ní fẹ́ ibi fún ẹ. Kòdúró wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni? Mo ní èmi ni.

Ó ń wò mí. Ọmọ tó máa ń pariwo bí iyọ̀ bá pọ̀ lóúnjẹ — kò pariwo. Ó ní, "Ẹ sì jẹ oúnjẹ tí mo sè." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí n tó délé, ìdajì aṣọ rẹ̀ ti kúrò nílé. Yàrá Jẹ́jẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló lọ. Jẹ́jẹ́ tó gba ipò rẹ̀! Kò bínú sí ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Oúnjẹ ẹni méjì ni mo sè. Ọwọ́ mi ò tíì mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A tún borí. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá fún Kòdúró. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ kan ẹni tó kàn láti wọlé léjìká. Mo nawọ́ sí i. Ó ti dìde kí ọwọ́ mi tó débẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kí n yáa kọ èyí kí n tó sá fún un.

Ọdún mẹ́rin lèmi náà lò nínú ẹgbẹ́ yìí nígbà tèmi. Gbogbo ìṣẹ́jú tí mo gbá, mo mọ iye rẹ̀: mọ́kànlélógójì. Eré kan, ó lé ìṣẹ́jú kan. Bí Kòdúró bá ju bọ́ọ̀lù wọlé tí ilé ń mì, ṣé inú mi máa ń dùn? Ó máa ń dùn. Nǹkan mìíràn tún máa ń wà níbẹ̀, kékeré, bí òkúta nínú bàtà. Ṣé òkúta yẹn ló sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì Ọ̀gá?

Mo pa ohùn fídíò, mo tún wò ó bí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ìdáhùn kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ò bá mi gbélé. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Màmá pè. Òun náà ti gbọ́. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta

Àṣekágbá. Ó ku ìṣẹ́jú méjì, àmì mẹ́ta ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Ọ̀gá yíjú sí mi: ta ni ká fi wọlé? Mo ní kó fi Kòdúró wọlé, kó má sì yọ Jẹ́jẹ́. Ó ní a ò dán ìyẹn wò rí. Mo ní mo mọ̀, sà.

Kòdúró wọlé, ó jẹ àmì méjì lójú ẹsẹ̀. Wọn ò jẹ, àwa náà ò jẹ. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ó gba àárín wọn kọjá, ẹni méjì dì mọ́ ọn, mo ti ń pajú dé torí mo mọ ohun tó máa ṣe — kò ṣe é. Ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Jẹ́jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ nìkan, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù yí etí irin po, ó já bọ́ síta.

Àmì kan péré ni wọ́n fi borí wa.

Nínú yàrá ìmúra, Ọ̀gá ń ráhùn: ká ní ọmọ yẹn jù ú fúnra rẹ̀ ni! Kòdúró ń tú okùn bàtà. Jẹ́jẹ́ ti fi táwẹ́ẹ̀lì bojú. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Rárá, sà. Bó ṣe yẹ kó ṣe é gan-an ló ṣe é yẹn. Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tó ti gbá lójú mi, mi ò rí èyí tó dára tó o."

Ọwọ́ Kòdúró dúró lórí okùn bàtà. Lẹ́yìn náà ó ń tú u lọ. Kò gbójú sókè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì

Kòdúró wá lọ́sàn-án, ó wá kó ìyókù ẹrù rẹ̀. Mo bá a to ìwé sínú páálí. A ò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Páálí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kó tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi àti Jẹ́jẹ́ ti wo fídíò yẹn. Eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òótọ́ lẹ sọ."

Mo fi ìwé kan sí i sínú páálí.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ilé kan náà là ń sùn. Odidi ọjọ́ mẹ́fà, ẹ ò lè là á fún mi. Ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ."

Mo ní ojo ló ṣe mí. Mo ní kó má bínú — èmi ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ ẹ́, mi ò ka ọjọ́ orí sí. Ó ní kò burú. Ó ní inú òun ò bí òun mọ́, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé òótọ́ ni.

Mo wá rò pé ó máa tú páálí. Kò tú u. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé lára àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Mo ní kó mú un dání, ilé rẹ̀ ṣì ni. Ó gbé páálí lé èjìká.

Ó ní kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí òun bá ń bọ̀, òun á kànkùn.