Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Bí Mo Bá Ti Tò Ó Tán

Ọjọ́ Ajé, 27 Ọ̀wàrà 1997. Ibereko, lẹ́bàá Àgbádárìgì.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: ẹni tí wọ́n ń ké sí bí kọ̀ǹpútà bá kọ iṣẹ́. Títú ẹ̀rọ kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kó tó fọwọ́ kàn án. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé.

Ìdánwò àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ń bọ̀, ní Ìkẹjà. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ni. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò dójú àmì, mo di alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò burú. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ wa ti kógbá sílé, ìwé ẹ̀rí àtijọ́ kò ra gàrí.

Àwọn akẹ́rùwọlé kan ní ẹnubodè Seme ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Èmi àti Mákánjú ará Imeke la jọ ń dù ú. Ẹni tó bá yege ló ni ín. Bí n kò bá yege, a ó kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń sin adìẹ ní Èkìtì. Sẹ́nàmí ìyàwó mi ti fẹnu kò sí i. Mi ò fẹ́ràn adìẹ. Adìẹ náà ò fẹ́ràn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ọ̀wàrà

Kọ̀ǹpútà kú. Mò ń kàwé lórí rẹ̀ lọ́wọ́ — ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Iná sì wà, gílóòbù ń tàn. Tòkunbọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe báyìí rí. Tẹ́lẹ̀, lẹ́tà ṣókí la fi ń tẹ̀, a ó sì pa á. Ìgbà tó di iṣẹ́ àṣekára ló wá ń dákú.

Mo ká aṣọ tí a fi ń bo àpótí rẹ̀, mo tú u, mo yẹ gbogbo wáyà wò. Kò sí àléébù. Mo tan án bẹ́ẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Mo tò ó padà, mo wọ aṣọ rẹ̀ fún un, mo jókòó tì í. N kò tíì ka ìwé jìnnà — ó tún kú.

Ọ̀gágun wá wò ó. (Ìyá ìyàwó mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀: àṣẹ ló ń pa, kì í gba ẹjọ́.) Ó ní, “Bàbá Túnmiṣe, àpótí yovo yẹn ń sùn ni. Jẹ́ kó sùn.” Yovo ni àwọn Ègùn, ìran rẹ̀, ń pe òyìnbó.

Ọjọ́ Bọ̀, 30 Ọ̀wàrà

Ìwé ní ká máa yọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, ká dán an wò. Mo yọ, mo dán an wò. Mo pààrọ̀ fáànù inú rẹ̀. Ní ìhòòhò, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin. Mo tò ó, mo wọṣọ fún un — ikú. Àbí ó ń tijú ni?

Mákánjú yọjú lójú fèrèsé. “Ẹ̀ńjíníà, iṣẹ́ abẹ ò tíì tán? Ọlọ́run yóò gbé aláìsàn yín dìde o!” Òun ò kàwé kankan. Ìdáhùn ìdánwò àtijọ́ ló há sórí — B, D, D, A — ó ń fi í kọrin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ìdí tí kò fi dára. Ó sá.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Bélú

Ọ̀gágun gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mi dé ìpàdé àdúrà àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Wọ́n dárúkọ mi mọ́ àwọn aláìsàn.

Ọjọ́ Ajé, 3 Bélú

Ó kú. Ó jí. Ó kú.

Ọjọ́ Rírú, 5 Bélú

Mo ní bóyá agbára iná ni kò tó. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Sẹ́nàmí láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí agbára iná jẹ́, bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun.” Ó lọ ń to àwo sínú páálí. Èkìtì.

Ọjọ́ Bọ̀, 6 Bélú

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì di Àìkú. Ọ̀gágun pàṣẹ: gbogbo aṣọ ilé, fífọ̀ ni. Ti rédíò, ti tẹlifísọ̀n, ti fíríìjì, ti fúláàsì omi gbígbóná. Ti kọ̀ǹpútà náà — àrán pupa, lẹ́ẹ̀sì yí i létí, òun ló rán an. Iyanrìn etíkun pọ̀, atẹ́gùn rẹ̀ oníyọ̀ ni. Nílé yìí, ẹ̀rọ kan kì í wà ní ìhòòhò. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé bàbá mi. Tẹlifísọ̀n tí kò wọṣọ, ó dà bí ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́! Ọ̀gágun ní, “Àdúrà ni!” Ó gbé orin. Mi ò jiyàn. Mo kàwé bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Bélú

Aṣọ gbẹ. Mo gbọn àrán náà, mo wọ̀ ọ́ fún kọ̀ǹpútà, mo tún lẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ṣe kó gún. Mo ń kàwé. Ó kú.

Ọwọ́ mi wà lórí àrán náà. Ó gbóná bí ààrò.

Ẹ̀rọ a máa mí. Ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ni imú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Èmi ni mo ń fi ẹ̀kọ́ ilé dí i nímú láti ọjọ́ yìí wá.

Ó ku bí n ó ṣe sọ fún Ọ̀gágun pé aṣọ rẹ̀ ń pààyàn. Mo dọ̀bálẹ̀ ná. “Ìyá, bí ẹ bá ń yan ẹja, kí wọ́n wá fi àrán bò yín lórí ńkọ́?”

“Màá kú nìyẹn.”

“Ohun tó ń pa kọ̀ǹpútà nìyẹn, mà.”

Ó ní, “Ta ló wá ń wọ̀ ọ́ fún un?”

Mo dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Bélú

Ìkẹjà. Orí kọ̀ǹpútà la ti ṣe é. Ìbéèrè kan jáde: kọ̀ǹpútà oníbàárà máa ń kú bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Ìdáhùn mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn ni mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì yìí ṣe. Ìkẹrin: wò ó bóyá nǹkan dí ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń ṣọ́ wa ní òun yóò lé mi síta. Mo fẹ́ ṣàlàyé — mo pa ẹnu mi mọ́. Sẹ́nàmí kò ní gbà á gbọ́.

Èsì jáde lójú ẹsẹ̀. Mo yege!

Mákánjú jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹ̀ńjíníà, wọ́n ti dà á rú! Wọn ò bi í bí mo ṣe há a!” Nínú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé dé Àgbádárìgì. Kò lè sá. Ọkọ̀ ń sáré.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Bélú

Ìkórè. Ọ̀gágun dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òun ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Ta ni n ó bá jiyàn? Àwo Sẹ́nàmí ti padà sórí pẹpẹ ilé ìdáná. Lọ́la, mo ń gbé èsì lọ sí Seme.

Ọ̀gágun ní kí n kọ àṣẹ tuntun, òun yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo kọ ọ́ báyìí:

Kí o tó tan kọ̀ǹpútà, ká aṣọ rẹ̀ kúrò. Bí o bá pa á, fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dìgbà tó bá tutù kí o tó wọṣọ fún un.