Ọmọ-Ogun Tí Mo Fi Tọrẹ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ooru Àkúrẹ́ ò dà yín láàmú? Òtútù Jọ́ọ̀sì pọ̀, àmọ́ mò ń jẹun dáadáa, wọ́n sì ń tọ́jú wa. Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì náà kò burú.

Èmi ni mo mú ọmọ ayò dúdú. Mo ta á bí ẹ ṣe kọ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìsinkàn: mo fi ọmọ-ogun kékeré kan tọrẹ níbẹ̀rẹ̀, kí n lè tètè kọlu ọba. Obìnrin tí a jọ ń ta á jẹ ọmọ-ogun náà, ó rọra dí gbogbo ọ̀nà mọ́ mi, ó sì pa mí láyò. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé, "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Orí fóònù ni mo ti rí i."

Ó ní, "Áà! Mo rò pé wàá bá mi kí i ni. Bí bàbá tèmi náà ṣe máa ń ta á nìyẹn. Ẹni tó láyà ló ń ta á."

Mi ò lè gbójú sókè. Bàbá, ó kí yín.

Ẹ bá mi kí Màmá Àgbà ní Oǹdó. Ẹ má tíì sọ ti ìdíje fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo kúnlẹ̀, sà.

Fẹ́yìsayọ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́.