Ohùn Tó Pè Lẹ́ẹ̀mejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé dẹ́rù ba gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, tí aáyán kan ṣoṣo sì lè lé yín jáde ní yàrá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé mo kàn wá kí yín ni. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Wọ́n ti ń fi ìtàn yín ṣe fíìmù. Bẹ́ẹ̀ ni o. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ ń fọwọ́ ara yín tà ní Apọ́ngbọ̀n, tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń pè ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Inú wọn lèmi ti kọ́ ìwé kíkà, èmi tí mi ò kọjá pírámárì fóò. Kò sẹ́ni tó pè yín ní òǹkọ̀wé nígbà tí ẹ wà láyé. Ní báyìí tí ẹ ò lè gbọ́ mọ́, dírẹ́tọ̀ kan tó ń jẹ́ Ràsákì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta síìpù àti bọ́tìnì. Ó ti ka gbogbo ìwé yín tán. Ó fẹ́ fi mẹ́ta ṣe fíìmù.

Ìtàn búúta ló kọ́kọ́ ṣe. Èèyàn méje ló ń kírun nínú agbo ilé yẹn, búúta méje ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó di mẹ́jọ, ìkẹjọ sì tutù bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe àlùwàlá tán. Gbogbo ará ilé rí i, ẹnì kankan ò bèèrè. Ohun tí ẹ kọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, odidi oṣù kan ni mo sì fi ń ka búúta ilé wa kí n tó lè bọ́ síta.

Ràsákì tẹ̀ lé ìwé yín bí ọmọ kéwú ṣe ń tẹ̀ lé wàláà. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà ṣe dé ọ̀dọ̀ búúta kẹjọ, ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn, àrá sán, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu búúta. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn mi ní sinimá kan ní Màrínà figbe ta: "Ẹ bá wọn pa sítóòfù o, omi tíì ti hó!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọlẹ̀.

Mo dúró de Ràsákì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ní kó o dáná sábẹ́ búúta bàbá mi?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni mo yà."

"Irọ́ lo pa. Kò séèfín nínú ìwé."

"Tí ò bá séèfín, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ̀rù wà?"

Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo kọjá lára rẹ̀, mo gba ilé lọ. Ìbéèrè yẹn bá mi délé. Báwo lẹ ṣe ń jẹ́ ká mọ̀, Bàbá? Mo rántí pé tí ẹ bá fẹ́ ka ìtàn tuntun fún wa, ẹ máa ń kọjú sí ògiri. Ẹ kì í jẹ́ ká rí ẹnu yín. Mo rò pé ojú ló ń tì yín. Àbí ẹ ti mọ̀ pé ohun tí etí bá kọ́, ojú lè wó o?

Ìkejì ni ìtàn àtẹ̀gùn, ti télọ̀ Ìta Fájì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjìlá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kan ìkẹtàlá. Èyí ni mo mú èébú dání lọ wò, torí mo ti gbọ́ pé Ràsákì yí i padà. Kò sí télọ̀, kò sí àtẹ̀gùn. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ló kù, òun àti lífíìtì. Mo ti ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ èébú nígbà tí lífíìtì ṣí. Kò sẹ́ni tó wà níta. Obìnrin yẹn kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀, sà," ó fa korobá rẹ̀ mọ́ra, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè wà. Ilẹ̀kùn padé. Wọ́n jọ ń lọ sókè.

Mo ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì sórí àga. Ẹnì kan sọ jẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn: "Yéè, ta ló ń kí?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ wò ó, èyí tó tẹ̀ lé yín ní ẹsẹẹsẹ di ẹ̀fẹ̀. Èyí tó sọ gbogbo ẹrù yín nù ló gbé yín wọ sinimá. Kí ló fà á? Lójú tèmi, ẹ̀rù yín ò sí nínú búúta, kò sí nínú àtẹ̀gùn. Inú ẹ̀kọ́ ilé wa ló wà: a rí i, a ò bèèrè; a ò rí i, a kí i. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ká ní ẹ wà ńlé, ẹ ò bá fẹ́ atẹ́gùn sínú tíì yín fún ìgbà pípẹ́.

Ó wá ku ìkẹta, òun ló dá ìjà sílẹ̀.

Ìtàn ọkùnrin tó jókòó ní yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn ìrun Àílà, tí ohùn kan pe orúkọ rẹ̀ ni. Kò rí ẹni tó pè é. Òfin ilé wa ni: bí wọ́n bá pè ẹ́ lọ́sàn-án gangan tó ò rí ẹni náà, má dáhùn títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, torí ohun tí kì í ṣe èèyàn kì í pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ohùn yẹn pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń retí ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ò dé. Ìwé parí. Gbogbo wa tí a kà á la gbà pé iwin ni, pé orí kó o yọ.

Ràsákì jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ṣí ìwé sórí itan.

"Àǹtí, ohùn ta ni?"

"Ohùn kan ni. Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi 'ohùn kan' sínú fíìmù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lanu. Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Mi ò ronú kan ìyẹn rí láyé mi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ilé àbúrò yín lọ, Àǹtí Sẹ̀míátù, ní Ìta Fájì. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Mo bi wọ́n. Wọn ò gbójú sókè.

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Ìyá ẹ ni."

"Ìyá mi wo?"

"Ìyá mélòó lo ní? Ó ṣubú nílé ìwẹ̀. Ó pe bàbá ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ẹ jókòó, ó ń retí ẹ̀ẹ̀kẹta. Èmi tí mo tọjà dé ni mo bá a nílẹ̀. Ilé kéwú niwọ wà."

Àìsàn ọjọ́ kan lẹ pè é fún mi, Bàbá. Àìsàn ọjọ́ kan! Ẹ jẹ́ kí n dàgbà lórí irọ́ yẹn, ẹ sì lọ tẹ òótọ́ ẹ̀ síwèé, ẹ ń tà á fáwọn tó ń dúró de mọ́tò. Mo fi ìtàn ikú ìyá mi kọ́ ìwé kíkà. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń kà á sókè ní yàrá yín, ẹ sì ń bá mi tún ọ̀rọ̀ tí mo bá ṣì kà ṣe.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé, ṣé ẹ dá ohùn ẹ̀ mọ̀? Tí ẹ bá dá a mọ̀, tí ẹ sì jókòó, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tí ẹ ò bá dá a mọ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ìwé gbà yín láyè láti sá pamọ́ sábẹ́ "ohùn kan." Fíìmù ò gbà.

Mo ránṣẹ́ sí Ràsákì pé èmi ni màá pè é. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé ohùn ìyá mi lèmi ń sọ. Mi ò ní purọ́ fún yín: mo fẹ́ dójú tì yín ni. Mo fẹ́ kó hàn ketekete, kí gbogbo ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé ìyàwó ló ń pe ọkọ, kí wọ́n sì rí ọkọ tó jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sí yàrá yín. Àǹtí Sẹ̀míátù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Ràsákì fẹ́ kí n dúró síbẹ̀ pè é, mo kọ̀. Ilé ìwẹ̀ ni ìyá mi ti pè. Mo gba kọ̀rọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, mo ti ilẹ̀kùn páànù mọ́rí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi. Mo pe orúkọ tí ìyá mi fi ń pè yín: "Alájì!" Mo dúró. Mo tún pè é.

Nígbà tí mo padà dé, yàrá ṣófo. Gbogbo wọn ti bọ́ síta. Ràsákì ń wo òkè pópó, Àǹtí Sẹ̀míátù ń wo ìsàlẹ̀, gèlè ti yẹ̀ lórí wọn.

"Kí lo lọ ṣe ní títì?" Àǹtí Sẹ̀míátù ti ń pariwo mọ́ mi. "Ṣebí ilé ìwẹ̀ lo ní ò ń lọ!"

"Ilé ìwẹ̀ náà ni mo wà."

"Irọ́ ni! Títì lohùn yẹn ti wá."

Mo fi aṣọ mi hàn wọ́n, omi ń kán lára ẹ̀. Ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn ilé yẹn, tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, òun ló ń gba ohùn tó sì ń jù ú sójú títì. Àǹtí Sẹ̀míátù rọra jókòó sórí pèpéle.

"Mo bá bàbá ẹ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú," wọ́n ní. "Ó ń sọ fún mi pé ìta lòun ti gbọ́ ọ. Mo ní òpùrọ́ ni."

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohùn láti títì, ẹ wo títì, ẹ ò rí ẹnì kan, ẹ sì dúró bí òfin ilé wa ṣe wí. "Ohùn kan" tí ẹ kọ, òótọ́ ni. Ẹ forí jì mí. Mo ṣì ń bínú pé ẹ fi irọ́ tọ́ mi, ìyẹn ò tán. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù nínú ẹ̀sùn mi, mo gbé e kúrò lọ́rùn yín.

Mo ti fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣe fíìmù náà. Ohùn tí mo fi pè nílé ìwẹ̀ ni wọ́n máa lò, kò séèfín, kò sárá. Ṣùgbọ́n Ràsákì tún bi mí pé báwo ni ọkùnrin náà ṣe máa pẹ́ tó lórí ìjókòó lẹ́yìn ìpè kejì. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìyẹn, ẹ ò sì sí níbí láti dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé yín. Mo ní kó má jókòó rárá. Mo ní bí ohùn bá ti pè é lẹ́ẹ̀kejì, kó fò dìde láì wọ bàtà, kó sáré jáde sójú títì, kó máa wá a kiri lókè, nísàlẹ̀, kó máa dáhùn, kó máa dáhùn.

Èmi ọmọbìnrin yín, tí ń sọ ohùn ìyá rẹ̀, tó sì ń fi ohùn náà kí yín.