Bàálù Tí Ọta Kò Bà Tó Sì Já Sínú Òkun

Yàrá Ẹ̀yìn,
Ilé Ọmọ Mi Obìnrin,
Ẹ̀gbẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Onípákó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Gíríìsì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń rántí láti pè ọ́? Èmi wà láàyè. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí o mọ̀ pé èmi àti kálàmù kò jọ rìn rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde. Mo borí rẹ̀ lánàá, Gíríìsì, níṣojú ọkọ rẹ̀.

O rántí ìgbà tí wọ́n wá gbé mi. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú ni ọmọ ti ń sọ pé èmi nìkan kò gbọ́dọ̀ máa dá gbé ilé yẹn. Mo ní mi ò lọ síbì kankan. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú, kí ló wá kù tí n óò torí rẹ̀ kó ẹrù? Ni ọkọ rẹ̀ bá gbé eré ogun orí tábìlì kan jáde nínú páálí, ó ní ká fi parí ìjà. Bí mo bá borí, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Bí ọmọ bá borí, n óò máa bá wọn lọ. Mo gbà. Kí ni obìnrin mọ̀ nípa ogun? Ọmọ ní òun ò ní kọ ìyẹn sínú ìwé yìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Bàálù oníke kéékèèké ni wọ́n fi ń ta á. Bàálù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, nọ́ńbà méjì ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ara: iye ọta tó lè bà á kó tó já. Èkejì jẹ́ ti epo: iye ìgbà tó lè rìn lókè kó tó di dandan fún un láti padà balẹ̀ sí pápá tirẹ̀. Igi ìṣáná ni wọ́n fi ń ka epo. Bí o bá ti gbé bàálù rẹ, igi kan á kúrò. Bí igi bá tán tí bàálù ṣì wà lórí òkun tí wọ́n yà sójú pátákó, ó já sómi nìyẹn. Èyí tó bá balẹ̀ sí pápá kò kú, wọ́n á kà á mọ́ èyí tó kù fún ọ. Ẹni tí bàálù rẹ̀ bá ṣẹ́ kù jù ló borí.

Nọ́ńbà ara nìkan ni mo wò. Mo ṣa àwọn tí ara wọn le bí irin rélùwéè. Mi ò rò ó pé èyí tí ara rẹ̀ bá nípọn á wúwo, á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Ọmọ ṣa àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọta kan tó láti pa, ṣùgbọ́n epo kún inú wọn. Kò bá mi jà rárá. Ó ń sá, mò ń lé e, mò ń bú u. Àfi bó ṣe nawọ́, tó gbé bàálù mi mẹ́ta jù sínú páálí.

"Ta ló yìnbọn lù wọ́n?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó yìnbọn, Bàbá. Epo ló tán."

"Wo ara wọn. Ọta kankan ò bà wọ́n."

"Ọta ò bà wọ́n lóòótọ́. Wọ́n kàn já ni."

Rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wa tírélà, tí epo kò tán lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà rí. Mo kó ẹrù mi, mo fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ilé, mo tẹ̀lé wọn.

Níbí, mi ò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sinmi. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, mo ní kó gbé bàálù jáde. Nígbà tó yé mi, mo ní kí ọmọ wá, àdéhùn ti tẹ́lẹ̀ náà ni: bí mo bá borí, mo ń lọ sílé. Lánàá, ó ku bàálù kan fún mi, ó ku ọ̀kan fún un. Tirẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí mi, ó súnmọ́ mi débi pé ọwọ́ ń yún mi. Ṣùgbọ́n igi ìṣáná kan péré ló kù fún mi. O mọ orúkọ tí ẹ fún mi ní gáréèjì. Mi ò yí padà lójú ọ̀nà rí. Mo wo igi yẹn títí, mo yí imú bàálù, mo balẹ̀. Ọmọ ti rò pé n óò lé òun ni. Níbi tó ti ń tàn mí, ó ti jìnnà sí pápá tirẹ̀ lórí òkun débi pé epo rẹ̀ kò lè gbé e padà mọ́. Òun náà já láìsí ọta. Ọkọ rẹ̀ fò sókè, èmi náà dìde láìdi ọ̀pá mú.

Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti máa bọ̀ nílé báyìí, ọmọ ò sì jiyàn. Ọjọ́ tí wọn yóò gbé mi lọ nìkan ló bi mí. Mo ní kó ṣe sùúrù. Páálí eré náà mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní bàálù kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jà, tí ara rẹ̀ kò sì le. Epo ló ń gbé kiri. Bí epo bá fẹ́ tán nínú èyí tó wà lókè, á sún mọ́ ọn, á fún un lépo níbẹ̀ gan-an, igi ìṣáná á sì tún pé. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo gbọ́dọ̀ rí i kí n tó wá.

Nítorí náà, jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Yàrá ìyàwó mi tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí, bá mi ṣí i. Ṣí fèrèsé méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ọmọ ti dáwọ́ dúró, ó ń nu ojú. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo àwọn tó kù ní gáréèjì.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bó ṣe wà látijọ́,
Kòdúró, tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀.